Àsíá Tó Di Ìkíni

Ọkùnrin kan wà létí òkun tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ṣọ́ omi lọ. Ẹ̀ṣọ́ etíkun ni. Bí ìgbì bá fẹ́ le, á na àsíá pupa sókè, ọkọ̀ kankan kò sì gbọdọ̀ bọ́ sójú òkun mọ́. Ọlátẹ́jú, jókòó dáadáa, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Àwọn apẹja ń ráhùn sí i. Wọ́n ní àwọn ń kọjá níwájú rẹ̀ láràárọ̀, àwọn ń ké pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o," kì í dáhùn. Ó ń dáhùn, afẹ́fẹ́ ni kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Nígbà tí àbúrò ìyàwó rẹ̀, tó ń fi ọkọ̀ kó èrò, náà wá sọ ọ́ nílé pé àna òun ti ń gbéra ga, ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Ta ló fẹ́ kí àna òun pe òun ní agbéraga? Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti kí i, á mú àsíá pupa, á jù ú sí wọn. Wọ́n ní ọmọlúàbí ni.

Lọ́jọ́ kan, òkun yíwà padà lójijì. Ẹ̀ṣọ́ rí i kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ló ń kó èrò kọjá lọ, tó ń kí i bó ṣe máa ń kí i. Ẹ̀ṣọ́ na àsíá, ó jù ú títí apá fi ń ro ó. Àwọn èrò ló padà ròyìn pé ṣe ni ọ̀gbẹ́ni náà ṣí fìlà, tó tẹrí ba, tó ní, "Àna mi nìyẹn. Ẹ wo bó ṣe ń yẹ́ mi sí lónìí." Wọ́n sì bọ́ sójú òkun.

Ẹ̀ṣọ́ wa ọkọ̀ tẹ̀ lé wọn. Ó rí àwọn èrò yọ. Ní ti àna rẹ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Opó tí àna rẹ̀ fi sílẹ̀ bi í pé, "Ṣé ẹ ríra kó tó lọ?"

Ó ní àwọn ríra.

"Kí ló sọ?"

"Ó kí mi."

Àánú rẹ̀ ń ṣe mí títí dòní, torí kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn fẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn òun ni.

Ọlátẹ́jú, ọmọ rẹ ń mutí gun ọ̀kadà, gbogbo àdúgbò ló mọ̀. O ní o ti kìlọ̀ fún un. Mo gbọ́ ọ lánàá. Ẹ̀rín lo fi kìlọ̀, ẹ sì tún bọwọ́. O ò fẹ́ kó pè ọ́ ní baba tó le. Lọ bá a nísinsìnyí kó tó gbé ọ̀kadà jáde. Bó bá kí ọ, má tíì dáhùn.