Àbọ̀ Òwe Lórí Òkun
Ìtàn mi gbéra nílẹ̀, ó balẹ̀ sórí òkun, nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ àwọn olówó. Ní yàrá oúnjẹ àwọn ẹni pàtàkì, níbi tí oníbàárà tó yó ti máa ń ta ẹni tó gbé oúnjẹ fún un lọ́rẹ, Olóyè Láwọyin, ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà, sọ fún Móradékẹ́ tó ń gbé oúnjẹ fún un pé: “Bí o bá fẹ́ ẹ̀bùn, wá ọgbọ́n gbà á, ṣùgbọ́n bí o bá fẹnu tọrọ, ọ̀gá ọkọ̀ yóò já ọ sílẹ̀ ní èbúté tó kàn.” Móradékẹ́ ní, “Mo ti gbọ́, bàbá.” Olóyè jẹ edé, ó jẹ ẹran, ó fa mùdùnmúdùn eegun gbẹ. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, Móradékẹ́ kó abọ́ gbogbo èèyàn, ó fi ti Olóyè sílẹ̀. Olóyè jágbe: “Ta ni kó wá gbé tèmi?” Móradékẹ́ kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, bàbá, ọmọdé kì í parí òwe lójú àgbà. Wọ́n ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn...” Olóyè, tí kì í gbọ́ àbọ̀ òwe kó dákẹ́, dáhùn kíá: “Ni yóò ru igbá rẹ̀ délé!” Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Olóyè wo abọ́ rẹ̀ títí, ó kọwọ́ bọ àpò. Ọ̀gá ọkọ̀ tó ń kọjá rí owó lọ́wọ́ Móradékẹ́, ó bèèrè bóyá ó tọrọ rẹ̀ ni. “Rárá o,” ni Olóyè wí, “ẹnu tèmi ló bá a tọrọ rẹ̀.”