Stanoje Radak, Baba Ìyàwó Tí Kò Jókòó

Ní ọdún tí àwọn ọmọ ogun àjèjì gba ìlú Lipovar, létí odò Morava nílẹ̀ Serbia, wọ́n ti àwọn ọ̀dọ́kùnrin ìlú mọ́ yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé eré. Ọjọ́ Ajé ni wọn yóò yìnbọn pa wọ́n. Relja, ọmọ kan ṣoṣo tí Desanka opó bí, wà láàárín wọn. Àsìkò náà ni Stanoje Radak, ọ̀mọ̀ràn eré orí ìtàgé, òǹkọ̀wé tí ọ̀rọ̀ ń sun lẹ́nu rẹ̀ bí omi àpáta, lọ ṣèlérí fún ọ̀gágun ọ̀tá pé òun yóò ṣe eré ìgbéyàwó fún un lọ́jọ́ Àìkú. Ìlú kẹ̀yìn sí i. Desanka kò bú u; ó ń ṣọ́ ọ ni. Abẹ́ ìtàgé ni obìnrin yìí máa ń jókòó sí, tí yóò máa rán àwọn òṣèré létí ọ̀rọ̀ wọn. Ó rí Stanoje tó ń bá ọ̀gágun mutí, tó ń rẹ́rìn-ín. Ó fi ọ̀bẹ sábẹ́ aṣọ.

"Ìyá Relja," ni Stanoje wí, "èmi ni baba ìyàwó lọ́la. Wá jókòó sí àyè rẹ."

"Kí ni kí n rán yín létí, ọ̀gá? Ilé baba yín tí ẹ ti tà?"

"Mo ti tú ìṣó pákó abẹ́ àga rẹ. Bí ijó bá gbóná, gbé e."

Kò gbà á gbọ́. Ìdẹkùn ni, ó rò. Síbẹ̀ ó lọ.

Nígbà tí ẹsẹ̀ àwọn oníjó ń mi ìtàgé, ó fa ọ̀bẹ yọ, ó gbé pákó náà. Orí Relja ló kọ́kọ́ yọ láti yàrá abẹ́ ilẹ̀. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ Desanka. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gun òkè, wọ́n wọ aṣọ eré lẹ́yìn aṣọ ìkélé, wọ́n di ọwọ́ àwọn oníjó mú, wọ́n sì jó gba iwájú àwọn ọ̀tá kọjá síta.

"Radak, oníjó yín kì í tán ni?" ni ọ̀gágun bèèrè.

"Nílẹ̀ wa, ẹni tí a kò pè náà ń jó níbi ìgbéyàwó, ọ̀gágun. Wọ́n ń lọ mú ìyàwó wá."

Ó ku Stanoje nìkan lórí ìtàgé, ó ń kí àlejò, ó ń yin àna. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ìsàlẹ̀.

"Ẹ máa sọ ọ́ lọ, ọ̀gá," ni Desanka rọra wí. "Wọn ò tíì kọjá odò."

Ó sì ń sọ ọ́ lọ, títí àwọn ọ̀dọ́ fi kọjá odò, tí ọ̀gágun fi fura, tí ìbọn fi dún, tí Stanoje fi ṣubú. Nínú rúkèrúdò náà ni Desanka gba abẹ́ ìtàgé sá lọ.

Láti ìgbà náà, baba ìyàwó kì í jókòó níbi ìgbéyàwó ní Lipovar. Yóò dúró, yóò máa sọ̀rọ̀ títí ọmọ rẹ̀ yóò fi kọjá afárá odò. Bí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu rẹ̀, obìnrin kan á rọra wí lẹ́yìn rẹ̀ pé: "Wọn ò tíì kọjá odò."