Ọ̀kẹ́rẹ́ Kò Kúrò Lójú Ọ̀nà

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ o!
Àlọ̀ọ̀!

Àlọ́ mi gun àpáta, ó bá Ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń mú Lékeléke, àlejò òkèèrè, lọ wo omi tó ń já wálẹ̀ láti orí òkè. Ìyàn mú nílùú Lékeléke, àlejò ò wá mọ́. Ìkookò, ọ̀gá Ọ̀kẹ́rẹ́, ní kó máa lọ sílé.

“Ta lo fẹ́ mú gòkè, atẹ́gùn?”

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, “Èmi ni mo la ọ̀nà yìí. Òun ló ń bọ́ ọmọ mi. Mi ò lọ.”

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ìkookò lé e. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló padà wá ro ọ̀nà, tó ń kọrin:

Ta ló la ọ̀nà?
Àwa ni!
Ta ni yóò gbà á?
Àwa ni!

Orin náà fa àwọn ará ìlú wá, àwọn tí Ìkookò ò jẹ́ kí wọ́n dé ibi omi náà rí. Wọ́n gbé iṣu wá fún Ọ̀kẹ́rẹ́, ó mú wọn gòkè.

Nígbà tí ìyàn tán, tí Lékeléke padà dé, Ìkookò sáré wá: “Ọ̀kẹ́rẹ́ mi àtàtà, lé àwọn yìí, àlejò dé!”

“Ọ̀gá, ẹ ní kí àlejò tò sẹ́yìn wa.”

Ẹ̀yin ọmọ, ta ló la ọ̀nà?
Àwa ni!