Ìsinmi tí Òkété Ṣètò sí Etí Òkun

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi rìn títí, ó dé etí òkun, ó bá Òkété lórí iyanrìn.

Òótọ́ ni ìtàn yìí o. Bí mo bá purọ́, kí iyọ̀ má dùn lẹ́nu mi mọ́. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lòótọ́. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn.

Ní ìgbà kan rí, àwọn ẹranko inú igbó kórè tán, ó rẹ̀ wọ́n. Ìyá Ọ̀yà ló rẹ̀ jù. Láti ìgbà tó ti di abiyamọ, kò jókòó sinmi rí. Ó ní ohun kan ṣoṣo lòun ń fẹ́ kí òun tó kú: kí òun jókòó sétí òkun, kí omi máa lá òun lẹ́sẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má pe òun.

Àwọn ẹranko yòókù ní àwọn á bá a lọ. Òkété gbọ́. Ó ní kí wọ́n fi ètò ìrìn àjò náà sílẹ̀ fún òun, òun mọ ibi tí igi àgbọn ti ṣíji bolẹ̀. Ó ní kí kálukú kó oúnjẹ rẹ̀ fún òun, òun á máa bù ú fún wọn, nítorí ẹni tó ń sinmi kì í ṣọ́ ẹrù. Ẹtu kó ẹ̀pà wá. Ehoro kó ọ̀dùnkún. Ìyá Ọ̀yà gbé odindi igbá àgbàdo kalẹ̀.

Wọ́n dé etí òkun. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Wọ́n jẹun díẹ̀, wọ́n sùn sábẹ́ àgbọn.

Òkété ò sùn. Ó mọ̀ pé bí oúnjẹ bá sọnù, gbogbo wọn á padà sílé, yóò wá ku òun nìkan, òun àti oúnjẹ. Nínú igbó, ibi tí ilẹ̀ bá ti tutù tó sì rọ̀ ló máa ń gbẹ́ ihò sí. Ó rí iyanrìn tútù tó tẹ́ lọ rẹrẹ létí omi. Ó gbẹ́ ihò jíjìn, ó kó oúnjẹ sí i, ó bò ó. Ara igbó ni, ibi àgbọn nìkan ló mọ̀. Kò mọ̀ pé òkun a máa fà sẹ́yìn, a sì máa padà wá gba ilẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jí, ó káwọ́ lérí. Ó ní àwọn olè etíkun ti kó oúnjẹ lọ. Ó ní kí wọ́n tètè máa lọ sílé kí ebi tó mú wọn, òun á dúró wá olè. Ẹtu ti ń ká ẹní. Ìyá Ọ̀yà ò dìde.

"Òkété, ọmọ mi, mi ò tíì tẹ omi. Jẹ́ kí n tẹ omi ná."

"Ìyá, omi ò sá lọ. Ẹ ó tẹ̀ ẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀."

"Bí mi ò bá sí láyé lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́?"

Ẹtu gbé ẹní kalẹ̀. Wọ́n sìn ín dé etí omi. Òkun ti padà, ó ti bo gbogbo iyanrìn tútù. Bí ìyá ti ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, igbá rẹ̀ léfòó wá, ó kọ lu orúnkún rẹ̀. Ẹ̀pà tẹ̀lé e. Òkété gbàgbé ara rẹ̀, ó bẹ́ sómi, ó ń wa iyanrìn lábẹ́ ìgbì.

"Ẹ má débẹ̀ o, ihò mi nìyẹn!"

Ehoro ló rọra bi í pé kí ni ẹrù olè ń wá nínú ihò rẹ̀.

Akàn, ọ̀gá àwọn tó ń fa àwọ̀n níbẹ̀, ti ń wò wọ́n. Ó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ó ní ní etíkun tàwọn, ẹni tó bá fọwọ́ kan okùn àwọ̀n, onílé tàbí àlejò, ìpín rẹ̀ wà nínú ẹja. Ẹtu àti Ehoro di okùn mú. Ó ní kí Ìyá Ọ̀yà jókòó sétí omi, kó máa ká okùn tí wọ́n bá fà wọlé, iṣẹ́ àgbà nìyẹn. Omi ń lá a lẹ́sẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ má bi mí bóyá ọ̀yà ń jẹ ẹja.

Òkété ṣì ń wa iyanrìn. Bó ṣe ń wà á jáde ni omi ń dí i padà. Nígbà tí wọ́n ń pín ẹja, ó wá nawọ́, omi ń ro tótó lára rẹ̀.

"Ibo lo dì mú lára okùn?" Akàn bi í.

"Èmi ni mo ṣètò ìrìn àjò yìí."

"O káre. Ọwọ́ tó fa okùn là ń pín ẹja fún."

Àwọn yòókù jókòó síbẹ̀ títí ara wọn fi balẹ̀. Òkété nìkan ló forí lé ọ̀nà ilé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ebi ń pa á.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá ṣètò ìgbádùn fún ẹgbẹ́, tó sì fẹ́ dá a gbádùn, àárẹ̀ ni yóò bá a délé.

Ó dáa, mo jẹ́wọ́. Nínú èyí tí wọ́n sọ fún mi, kò sí Akàn, kò sí àwọ̀n. Ebi lé gbogbo wọn sílé lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo fi okùn sí i. Mo rò ó pé Ìyá Ọ̀yà ò tíì tẹ omi tó.