Ẹ̀pà Tí Ìjàpá Gbé Mì

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi! Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó bọ́ sẹ́nu, ó fo eyín dá, ó já sínú ikùn, kò sì jẹ́ kí onítọ̀hún fìdí balẹ̀. Ta ló gbé e mì?

Ìjàpá ni!

Ìjàpá ni lóòótọ́, ọkọ Yánníbo.

Ní ọdún kan, ọ̀dá dá ní ìlú àwọn ẹranko títí ewé fi gbẹ lórí igi. Oúnjẹ di àwátì. Apẹ̀rẹ̀ ẹ̀pà kan ṣoṣo ló kù ní gbogbo ìlú, kì í sì í ṣe fún jíjẹ. Irúgbìn ni. Wọ́n kó o fún Ọ̀kẹ́rẹ́, ìyá arúgbó tó mọ̀ nípa ẹ̀pà ju gbogbo wọn lọ, pé kó máa tọ́jú rẹ̀ títí àkọ́rọ̀ òjò yóò fi rọ̀.

“Bí a bá jẹ ẹ́,” ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí, “ọdún tó ń bọ̀ la jẹ yẹn.”

Láti ọjọ́ náà ni Ìjàpá kò ti rí ara gbé sọ́nà kan. Bó jókòó, ẹ̀pà. Bó dìde, ẹ̀pà.

“Baálé mi,” ni Yánníbo bi í, “kí ló dé tí ẹ ń yí ilé po bí ẹni tí ìjàlọ bọ́ sí lára?”

“Irúgbìn ìlú ni mò ń rò,” ni Ìjàpá dáhùn. “Àwọn olè pọ̀.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò ṣú. Inú gbogbo ẹranko dùn, wọ́n gbé ọkọ́, ó di oko, wọ́n fẹ́ kọ ebè sílẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ náà bá wọn lọ. Ìjàpá ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Bí wọ́n ti kọ ẹ̀yìn sílé báyìí, ó yọ́ wọ ilé Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó ju ẹ̀pà kan sẹ́nu, ó rún un: kàrà!

“Ta nìyẹn?” Àparò ló kígbe. Ó ń sàba lẹ́yìn ilé.

Ìjàpá ba mọ́lẹ̀. Ó pa ẹnu dé. Ó rò ó wò: bí eyín bá dákẹ́, ta ni yóò gbọ́? Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀pà mì lódidi, ẹ̀kúnwọ́ lé ẹ̀kúnwọ́, títí apẹ̀rẹ̀ fi ṣófo.

Kò tí ì délé tí inú rẹ̀ fi wú. Ó le bí òkúta. Ó ń kùn bí oyin. Báwo ni yóò ṣe fi irú ikùn yìí ko ará ìlú lójú? Ó sáré lọ pàdé Ọ̀kẹ́rẹ́ lọ́nà oko.

“Ìyá àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, bí èèyàn bá jẹ ẹ̀pà, ìgbà wo ló ń dà nínú rẹ̀?”

“Ẹ̀pà kì í ṣe ẹ̀kọ, Ìjàpá. Òróró inú rẹ̀ kì í jẹ́ kó yára kúrò nínú ikùn. Ẹ̀kọ á ti lọ tipẹ́, ẹ̀pà á ṣì wà níbẹ̀.”

“Kí ló wá lè lé e kíá?”

“Omi ń ràn án lọ́wọ́. Ìrìn náà ń jí ìfun. Ṣùgbọ́n eyín ni ọlọ àkọ́kọ́ o. Ẹ̀pà tí eyín kò bá…”

Ìjàpá kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ó sáré dé odò, ó mu omi yó. Ó sáré padà sílé. Ó tún yí padà sí odò. Òjò bẹ̀rẹ̀, gbogbo ẹranko sá sábẹ́ igi, àmọ́ Ìjàpá kò dúró. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń kọrin:

Ikùn mi, bá mi lọ̀ ọ́ o!
Gbìnrìn-gbìnrìn!
Ẹ̀pà, má sùn síbẹ̀ o!
Gbìnrìn-gbìnrìn!
Ilẹ̀ ò ní í ṣú bá ọ níbẹ̀ o!
Gbìnrìn-gbìnrìn!

“Ẹ wo Ìjàpá,” ni Àparò wí. “Ó ń jó fún òjò.”

Nígbà tó yá, inú rẹ̀ dún bùrù. Ó fò sẹ́bàá ọ̀nà, ó lóṣòó. Kò pẹ́, ó tún lóṣòó. Báyìí ni ó ṣe títí ikùn rẹ̀ fi wálẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Lójú tirẹ̀, ẹ̀pà ti dà, ọ̀rọ̀ ti parí.

Nígbà tí wọ́n bá apẹ̀rẹ̀ lófo, Ìjàpá ló kọ́kọ́ figbe ta. “Olè! Ẹ gbóòórùn ẹnu mi!” Wọ́n gbóòórùn rẹ̀, kò sí òórùn ẹ̀pà níbẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Àwọn mìíràn ti ń di ẹrù, wọ́n fẹ́ fi ìlú sílẹ̀.

Lọ́jọ́ keje, Àparò wá pariwo. Ewé ẹ̀pà ti hù! Ó hù láti ẹnu ọ̀nà Ìjàpá títí dé odò, òṣùṣù kan níhìn-ín, òṣùṣù kan lọ́hùn-ún, gbogbo rẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà.

Ọ̀kẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. “Ta ló ń lọ tó ń bọ̀ níbí lọ́jọ́ òjò?”

Gbogbo ojú yí sí Ìjàpá. Ìjàpá fa orí wọnú igbá ẹ̀yìn rẹ̀.

“Ìwọ ọmọ yìí, o kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán,” ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí. “Ẹ̀pà tí eyín kò bá rún, ikùn kò lè rí i lọ̀. Bó ṣe wọlé ló ṣe ń jáde. Bó o bá sì tún ń sáré tì í, kíákíá náà ló máa jáde.”

Wọ́n fara balẹ̀ hú ẹ̀pà náà, wọ́n tún un gbìn sórí ebè, ìyàn sì kúrò nílùú. Ìjàpá ńkọ́? Wọ́n ní eyín tí kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹrù lásán ló jẹ́ fún ẹnu. Wọ́n yọ gbogbo rẹ̀, wọ́n kó o fún Ọ̀kẹ́rẹ́.

Ìdí nìyí tí Ìjàpá kò fi ní eyín títí dòní, tó fi ń já ewé díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jẹun. Ìdí nìyí tí eyín Ọ̀kẹ́rẹ́ fi ń fọ́ èkùrọ́. Ẹ̀yin náà, ẹ máa rún ẹ̀pà yín kúnná.

Ibi tí àlọ́ mi dé rèé, ibẹ̀ ni mo sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Bí mo bá bu irọ́ mọ́ ọn, kí ó há mi lọ́fun. Bí òótọ́ bá ni, kí agogo ẹnu mi ró lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Pó! Pó! Pó!