Ìjàpá Lọ Yọ́ Orin Kọ́ Lókè Òkun

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi já gùdù, ó balẹ̀ sínú amọ̀, ó ta sí Ìjàpá amọ̀kòkò lára.

Ìjàpá ní ebu tó ti ń mọ ìkòkò nílé, ó tún ní òmíràn lókè òkun. Ta ló ń bá a bójú tó tòkè òkun? Pẹ́pẹ́yẹ ni, tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Ọba Kìnnìún ránṣẹ́ sí Ìjàpá: "Ogún ìkòkò omi ni mo fẹ́. Èyí tí o mọ kẹ́yìn fọ́ mọ́ olorì mi lórí. Bí ìwọ̀nyí bá tún fọ́, kó ẹrù rẹ kúrò nínú ebu."

Pẹ́pẹ́yẹ gbọ́, ó ránṣẹ́ sílé: "Ọ̀gá, ìkòkò tibí kì í fọ́. Ẹ wá, kí n fi bí wọ́n ṣe ń mọ ọ́n hàn yín."

Inú bí Ìjàpá. "Èmi tí mo kọ́ ọ! Òun ni yóò wá kọ́ mi?"

Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ kúkú mọ̀ ọ́n. Ó dé akẹtẹ̀ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ó wọkọ̀ ojú omi, ó ṣe bí oníbàárà.

"Ẹ káàbọ̀, àlejò." Pẹ́pẹ́yẹ wo akẹtẹ̀, ó wo igbá ẹ̀yìn. "Ẹ mà jọ ọ̀gá mi o."

"Èmi? N ò mọ̀ ọ́n rí! Wọ́n ṣáà ní ó mọṣẹ́ gan-an."

Àwọn òṣìṣẹ́ ń gún àpáàdì lódó, wọ́n ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ gún àpáàdì kó kúnná,
— Amọ̀ rere!
Ẹ pò ó mọ́ amọ̀ tútù,
— Amọ̀ rere!

"Ẹ jókòó, àlejò, orin ò tíì parí."

"Ó ti tó!" Ìjàpá sáré, bí Ìjàpá ṣe ń sáré. Akẹtẹ̀ bọ́, kò bojú wẹ̀yìn.

Ó délé, ó gún àpáàdì, ó pò ó mọ́ amọ̀, ó mọ ogún ìkòkò. Ó ránṣẹ́ pe Ọba: "Kábíyèsí, ẹ wá wo ọgbọ́n tuntun tí mo fi orí ara mi rò!"

Ó kó ìkòkò tútù bọnú iná lójú gbogbo ìlú.

Pò! Pò! Pò! Kò ku ẹyọ kan.

"Kó ẹrù rẹ," ni Ọba wí.

Ohùn kan dún lẹ́yìn èrò: "Ọ̀gá, ẹ gbàgbé akẹtẹ̀ yín."

Áà! Pẹ́pẹ́yẹ ti tẹ̀lé e wálé.

"Ẹ sì gbàgbé ìyókù orin."

Ẹ gbé e síbòòji fọ́jọ́ méje,
— Amọ̀ rere!
Kó gbẹ dénú kó tó rí iná,
— Amọ̀ rere!

Ọba yíjú pa dà. "Ìjàpá, ta ló ni ọgbọ́n yìí?"

Orí Ìjàpá wọnú igbá lọ, wọ̀ọ́! Ohùn tín-ín-rín jáde: "Pẹ́pẹ́yẹ ni."

"N ò gbọ́."

"Pẹ́pẹ́yẹ ni o!"

Ọba rẹ́rìn-ín. "Mo fún yín ní ọjọ́ mẹ́wàá láti mọ ogún mìíràn. Pẹ́pẹ́yẹ ni yóò máa pàṣẹ. Ìwọ ni yóò máa gún àpáàdì."

Ìkòkò tuntun náà kò fọ́, ebu sì kù sí Ìjàpá lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni Ìjàpá ti ń na ọrùn jáde díẹ̀díẹ̀, kó lè gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn mọ̀. Bó bá ti gbúròó ẹsẹ̀, wọ̀ọ́, ó ti fà á wọlé, kí wọ́n má baà bi í pé ta ló kọ́ ọ.

Ibi tí mo bá àlọ́ yìí dé nìyẹn. Bí mo bá purọ́, kí ìkòkò omi ilé mi máa jò. Ẹ lọ wo abẹ́ rẹ̀ wò: ó gbẹ táútáú!