Ariwo Jagun àti Àwọ̀n Ẹgbẹ̀ta Ojú

Òwe kan wà tí àwa ará etí ọ̀sà máa ń pa. Bí ará òkè bá gbọ́ ọ, ńṣe ni yóò kàn máa wò wá lójú. A ní, "Ariwo Jagun kò fi ojú kan kún àwọ̀n." Ará òkè á béèrè ohun tó da Jagun, olóyè ogun, pọ̀ mọ́ àwọ̀n ìpẹja, àti ẹni tó tilẹ̀ sọ fún wa pé ariwo lè hun nǹkan. Ìbéèrè gidi ni. N óò dáhùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ tètè mọ̀ pé inú máa ń bí mi bí mo bá ń sọ ìtàn yìí. Mo ti sọ ọ́ títí irun mi fi funfun, kò tíì sí ọjọ́ kan tí mo sọ ọ́ tí inú kò bí mi.

Ní abúlé Ìdí-Àgbọn ló ti ṣẹlẹ̀. Lọ́dọọdún, bí omi bá fẹ́ fà, ẹja tó ti kún inú àbàtà ẹ̀yìn abúlé náà máa ń padà sínú ọ̀sà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà, ẹnu odò kan tó wà láàárín òpó méjì tí àwọn baba ńlá wọn rì mọ́lẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ẹja fi ń kọjá níbẹ̀. Bí abúlé bá na àwọ̀n láti òpó dé òpó lọ́jọ́ mẹ́ta yẹn, wọn yóò yan ẹja jẹ, wọn yóò sì rí èyí tí wọn yóò tà títí òjò yóò fi padà. Bí wọn kò bá nà á, ẹ̀kọ gbẹrẹfu ni gbogbo wọn yóò máa jẹ ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn.

Àwọ̀n náà tóbi. Ẹgbẹ̀ta ojú ni ìbú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dín. Gbogbo abúlé ló ń hun ún, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ló ń dá a sílẹ̀, nítorí ìlà àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ wà. Orí okùn gbọọrọ kan ni wọ́n ti ń ta kókó ìlà náà níkọ̀ọ̀kan, kókó kan fún ojú kan. Bí kókó bá le jù, gbogbo àwọ̀n yóò ká jọ. Bó bá dẹ̀ jù, yóò yanu. Bí iye ojú kò bá sì pé, ẹnikẹ́ni kò ní í rí i lọ́jọ́ náà. Ó di ìgbà tí wọ́n bá ti hun ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlà mìíràn mọ́ ọn lábẹ́ kí wọ́n tó mọ̀, ẹ̀pa kò sì ní í bóró mọ́.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní èèwọ̀ kan ní Ìdí-Àgbọn. Wọn kì í kí ẹni tó ń dá àwọ̀n. Àwa Yorùbá tí à ń kí ẹni tó jókòó, tí à ń kí ẹni tó dìde, tí a tún ń kí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan pé ó kú ìsinmi, bí a bá dé ibẹ̀, a ó fi ọwọ́ bo ẹnu, a ó kọjá. Ẹni tó ń kà kò gbọdọ̀ la ẹnu títí ìlà yóò fi parí.

Lásìkò tí mò ń sọ yìí, opó kan tó ń jẹ́ Efúnyẹmí ló ń dá àwọ̀n sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti fi ń ṣe é, ojú kan kò sì dín rí. Ó ní ọgbọ́n kan. Bó bá ti ka ogún ojú, yóò so òwú pupa kan mọ́ ibẹ̀. Bí ọkàn rẹ̀ bá lọ síbòmíràn, orí òwú pupa tó kẹ́yìn ni yóò padà sí, kò ní í bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Lọ́dún náà, sobìyà mú Baálẹ̀ lẹ́sẹ̀, kò lè jáde. Ó wá fi àbójútó àwọ̀n lé Jagun Ṣógbèsan lọ́wọ́. Jagun ti pẹ́ nílẹ̀ òkè, kò mọ omi, kò mọ àwọ̀n. Ohùn ló ní. Bó bá ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú yàrá, ẹni tó wà lójú odò á gbọ́ gbogbo ẹjọ́ wọn. Mo rò pé ohùn yẹn náà ni wọ́n wò tí wọ́n fi fi í joyè.

Efúnyẹmí ti ń kà bọ̀ láti ìdájí, lábẹ́ igi àgbọn méjì tó so okùn mọ́. Ó ti dé òjìlélọ́ọ̀ọ́dúnrún nígbà tí Jagun dé pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀.

"O kú iṣẹ́ o," Jagun wí.

Efúnyẹmí fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì tẹrí ba.

"Mo ní o kú iṣẹ́. Ṣé odi ni ẹ́ ni?"

Ọ̀kan nínú àwọn tó tẹ̀ lé e sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí i létí pé èèwọ̀ ni.

"Èèwọ̀ wo ló ní kí obìnrin má dá olóyè lóhùn?" Jagun bú ramúramù. "Kúnlẹ̀, kí o jẹ́ mi."

Gbogbo wọn ń wo Efúnyẹmí. Ó fi okùn sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀ o, Jagun." Iye tó wà lórí rẹ̀ sì fọ́n ká. Ó dìde, ó padà sí orí òwú pupa tó kẹ́yìn, ó tún bẹ̀rẹ̀. Kò ráhùn.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, Jagun tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí, òwú pupa ni ojú rẹ̀ bà lé.

"Kí ni gbogbo àkísà yìí? Àwọ̀n lò ń hun àbí ẹ̀wù egúngún?"

Kó tó sọ̀rọ̀ tán, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í já wọn. Ó já wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì gbá wọn dànù sórí iyanrìn. Efúnyẹmí rí i pé èèwọ̀ ti bàjẹ́ tán, ó la ẹnu.

"Jagun, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe yìí?"

"Mo bá ọ tún un ṣe ni."

"N kò mọ iye tí mo ti kà mọ́. Ẹ jẹ́ kí n kà á láti òkè."

"Omi ń fà, ìwọ ń ka kókó. Kúrò níbẹ̀. Èmi fúnra mi ni n óò kà á."

Ó sì kà á. Ó ń fi ọ̀pá tọ́ka, ó ń pariwo iye síta bí ẹni tó ń polówó, àwọn ènìyàn rẹ̀ ń gbè é lẹ́yìn. Nígbà tó fi díẹ̀ kọjá igba, ọ̀kan nínú àwọn apẹja tó ti wá wòran rẹ́rìn-ín. Jagun yíjú, ó bú apẹja náà, ó bú bàbá rẹ̀, ó bú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tó bú u tán tó padà sídìí okùn, ọ̀ọ́dúnrún ló ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ènìyàn gbọ́ ọ. Nígbà tó dé ìparí, ó ní ogójì dín ní ẹgbẹ̀ta ló wà nílẹ̀, kí Efúnyẹmí fi ogójì sí i kó sì so ó pa.

"Kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," ni Efúnyẹmí wí. "Ẹ wo okùn yìí. Kò tíì dé ibi tó máa ń dé."

"Mo kà á, ó pé. Ẹni tó bá ní kò pé, kó jáde síta kó wí."

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbọ́ mi, ibí yìí ni inú ti máa ń bí mi jù. Àwọn apẹja mẹ́tàdínlógún ló dúró níbẹ̀. Wọ́n mọ ẹnu odò bí ẹni mọ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, wọ́n sì gbọ́ bí Jagun ṣe fo iye. Ẹyọ ẹnì kan kò jáde. Efúnyẹmí fi ogójì kún un, ó so ó pa.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún. Lọ́jọ́ karùn-ún, Efúnyẹmí tọ Jagun lọ, ó ní kó jẹ́ kí òun hun apá kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ àwọ̀n náà, ó ní ìlà tí wọ́n ti hun kò tíì pọ̀, àsìkò ṣì wà.

"Kí n wá lẹ àbùlẹ̀ mọ́ àwọ̀n tí èmi Jagun kà? Bí mo bá rí abẹ́rẹ́ rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀n yẹn, wàá kúrò ní abúlé yìí."

Efúnyẹmí padà sílé. Nígbà tí omi fà, tí ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá láti inú àbàtà, gbogbo abúlé gbé àwọ̀n lọ sí ẹnu odò. Wọ́n so ó mọ́ òpó àkọ́kọ́, wọ́n fà á lọ sí òpó kejì. Kò dé ibẹ̀. Àyè tó ṣẹ́ kù tó ẹnu ọ̀nà ilé.

"Ẹ fà á!" Jagun kígbe. Wọ́n fà á, ó ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, àyè náà tún fẹ̀ sí i. Ó ní kí àwọn ènìyàn òun wọ omi kí wọ́n fi ara dí i. Wọ́n wọ ọ́, ẹja ń gba àárín ẹsẹ̀ wọn kọjá. Jagun bọ́ agbádá, òun náà kó sómi dé àyà, ó na apá méjèèjì, ó ń bú ẹja. Ó ń pè wọ́n ní olè. Ẹja kò kúkú gbọ́ èdè olóyè. Wọ́n ń lọ ní tiwọn, àwọn ìyá ọmọ sì dúró létí omi pẹ̀lú agbọ̀n òfìfo, wọ́n ń wo oúnjẹ ẹ̀ẹ̀rùn bó ṣe ń wọ inú ọ̀sà.

Efúnyẹmí wá sí bèbè omi. Kò gbé ohùn sókè rárá.

"Jagun, ẹ pariwo sí i," ó wí. "Bóyá yóò fi ojú kan kún àwọ̀n."

Jagun wo àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì jáde kúrò nínú omi.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn apẹja wá sílé Efúnyẹmí láti bá a kẹ́dùn. Wọ́n ní àwọn náà mọ̀ pé kò pé.

"Ẹ mọ̀, ẹ sì dákẹ́," ó dá wọn lóhùn. "Tiyín burú ju ti Jagun lọ. Òun kò mọ nǹkan kan." Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn síta. Èmi ìbá ti ṣe bẹ́ẹ̀ náà.

Ẹ̀kọ gbẹrẹfu ni wọ́n jẹ lẹ́ẹ̀rùn yẹn, àti Baálẹ̀, àti Jagun. Nígbà tí ẹsẹ̀ Baálẹ̀ san, ó pe Jagun síwájú gbogbo abúlé, kò sì fi oyè pè é.

"Ṣógbèsan, mi ò ní í gba oyè rẹ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ dá àwọ̀n lọ́dún tó ń bọ̀, ìwọ ni wàá jókòó ti Efúnyẹmí. Ìwọ ni wàá máa mú òwú pupa fún un. Bí ohùn rẹ bá jáde lẹ́ẹ̀kan péré, ní ọjọ́ náà ni n óò gba oyè rẹ."

Bó ṣe rí nìyẹn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Jagun jókòó sórí iyanrìn láti ìdájí, òwú pupa wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Bí Efúnyẹmí bá ti ka ogún, á na ọwọ́ sí i láìwò ó, Jagun á fi òwú kan sí i. Nígbà tó di ọ̀sán, tí kókó tó kù kò tó ogún mọ́, àlejò kan tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ yọ lókè, ó rí wọn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ kú—" ló rí wí. Jagun ti fò dìde, ó ti fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu, ó mú un dúró bẹ́ẹ̀ títí Efúnyẹmí fi ta kókó tó kẹ́yìn.

Ẹgbẹ̀ta ni. Àwọ̀n dé òpó kejì lọ́dún náà. Ní ọjọ́ tí wọ́n pín ẹja, Efúnyẹmí kó ìpín Jagun fún un bí ó ti kó ti àwọn yòókù, kò sì bá a sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tó fẹ́ fi ohùn ṣe iṣẹ́ tí kò mọ̀, tó ń já àmì tí oníṣẹ́ fi sílẹ̀, tó sì ń kígbe lé ẹni tó ń fi sùúrù kà, ẹ má ṣe bí àwọn apẹja mẹ́tàdínlógún wọ̀nyẹn. Ẹ sọ fún un lójú rẹ̀, kí ìlà àkọ́kọ́ tó parí, pé ariwo Jagun kò fi ojú kan kún àwọ̀n.